Ẹ̀rọ Tó Ń Bá Wa Ṣètò Ímeèlì Gbọdọ̀ Jẹ́ Ká Rí Ohun Tó Ṣe

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sójú ewé àwọn òǹkàwé. Ìpolówó àwọn ẹ̀rọ AI tó ń báni ka ímeèlì, tó ń báni dáhùn, tó sì ń báni kó o dànù ti gbòde kan. Ohun tí wọ́n ń polówó yẹn kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá. Ẹni tí lẹ́tà ẹgbẹ̀rún kan tí kò tíì kà wà nínú Inbox rẹ̀ kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá òun kọ lẹ́tà. Ó fẹ́ kí èyí tó ṣe pàtàkì má bọ́ mọ́ òun lójú. Ó fẹ́ kí ariwo ìpolówó dínkù. Ó sì fẹ́ máa rí gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá gbé kúrò, kó lè dá a padà bó bá ṣì í gbé. Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí ni wọn kì í kà sí, òun gan-an ló sì ń bí wàhálà.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan tó wọ́pọ̀. Wọ́n máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó ṣe filter kan nínú Gmail, ìyẹn àṣẹ tó ń ṣa lẹ́tà fúnra rẹ̀, pé lẹ́tà yòówù tí "unsubscribe" (ẹ yọ orúkọ mi kúrò) bá wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé Inbox mọ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, Inbox á sì fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ inú ìpolówó nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń wà. Ó ń wà nísàlẹ̀ rìsíìtì, nísàlẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, nísàlẹ̀ ìkéde ilé ìwé. Bí ọ̀rẹ́ yín bá rí ìròyìn kan nínú lẹ́tà tirẹ̀, tó kọ ọ̀rọ̀ méjì sókè rẹ̀, tó wá darí rẹ̀ sí yín, "unsubscribe" ti bá a dé nìyẹn. Filter á gbé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín lọ pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Filter kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Bí a bá ṣe rán an náà ló ṣe máa jẹ́ ẹ, kò ní fi kún un, kò sì ní yọ níbẹ̀.

Ó sàn ká máa fi ẹni tó kọ lẹ́tà ṣe òṣùwọ̀n ju ọ̀rọ̀ tó wà nínú lẹ́tà lọ. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ ẹni náà, ẹ tẹ àmì roboto kéékèèké mẹ́ta tó tò léra wọn lápá ọ̀tún, kí ẹ wá mú "Filter messages like these". Àdírẹ́sì rẹ̀ á ti wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó tẹ "Create filter", ẹ kọ́kọ́ tẹ "Search" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gmail á kó gbogbo lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ náà máa kàn síwájú yín. Ẹ fara balẹ̀ wò ó dé bíi lẹ́tà àádọ́ta. Bí rìsíìtì bá wà láàárín wọn, ẹ kọ -subject:receipt mọ́ ohun tí ẹ ń wá, kí filter lè fi èyí tí "receipt" bá wà nínú àkọlé rẹ̀ sílẹ̀, kí àmì ìyọkúrò náà lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e láìsí àlàfo. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, wọ́n á wá máa wá lẹ́tà kiri lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe filter náà, ẹ má fún un ní àṣẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, "Apply the label" (kó lẹ orúkọ kan mọ́ lẹ́tà) nìkan ni kí ẹ mú, kí filter kọ̀ọ̀kan sì ní label tirẹ̀, kí ẹ lè máa mọ èyí tó fọwọ́ kan lẹ́tà wo. Bó bá ti hàn pé kò ṣi lẹ́tà kankan mú, ẹ padà síbẹ̀, ẹ wá fi "Skip the Inbox" kún un. "Delete it" ni kó gbẹ̀yìn, bí ẹ bá tiẹ̀ máa lò ó rárá. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni ohun tó bá wọ Trash nínú Gmail ń lò kó tó pa rẹ́ pátápátá. Ìbéèrè kékeré kan tún wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, "Also apply filter to matching conversations". Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, filter náà á ṣiṣẹ́ lórí lẹ́tà àtẹ̀yìnwá pẹ̀lú. Bí "Delete it" bá wà lókè tí ẹ sì fọwọ́ sí ìyẹn nísàlẹ̀, lẹ́tà ọdún mẹ́wàá lè di èrò Trash ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ má rò pé bí ẹ bá pa filter rẹ́, lẹ́tà á padà wá. Kì í padà. Label tí ẹ fún un ni ẹ máa fi rí wọn kó jọ, kí ẹ wá tẹ "Move to Inbox".

Ní ti àwọn tó ń lo Outlook, ètò ímeèlì ti Microsoft, nǹkan méjì ló máa ń rú wọn lójú. Òkè ni Outlook ti ń ka òfin (rules, bí wọ́n ṣe ń pe filter níbẹ̀) bọ̀ wá sísàlẹ̀, nítorí náà bí òfin àkọ́kọ́ bá ní "Stop processing more rules", àwọn tó kù kò ní kan lẹ́tà yẹn mọ́. Èkejì ni pé àwọn òfin kan wà nínú Outlook àtijọ́ (classic) tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà tí ẹ ti ṣe wọ́n nìkan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àfi bí Outlook bá sì wà ní ṣíṣí. Bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà, lẹ́tà á máa rọ́ sórí fóònù yín bíi pé ẹ ò ṣòfin kankan.

Ìpolówó tí ẹ fúnra yín forúkọ sílẹ̀ fún kò nílò filter. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti ń béèrè pé kí àwọn tó ń fi ìpolówó ránṣẹ́ sí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn fi bọ́tìnnì "Unsubscribe" tí ẹni tó gbà á máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo síbẹ̀, kí wọ́n sì yọ orúkọ onítọ̀hún kúrò láàárín ọjọ́ méjì. Lọ́dọ̀ Google, ẹni tó bá ń fi lẹ́tà 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì Gmail lóòjọ́ ni òfin náà mú. Ẹgbẹ́ orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà, lókè, ni bọ́tìnnì náà wà. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí ló kọ lẹ́tà, ẹ má tẹ ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀, torí ẹ máa fi yé e pé èèyàn ń lo àdírẹ́sì náà ni. Ẹ pè é ní spam (lẹ́tà pàǹtírí), ó parí.

Ìdáhùn àdáṣe ló kàn. Bí ẹ bá ń lọ fún ìsinmi, tí Gmail ń bá yín dáhùn pé ẹ kò sí nílé, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́rin á kọjá kó tó tún sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan náà. Ìdí wà tó fi ń dúró. Bí ẹ̀rọ méjì bá ń dá ara wọn lóhùn, wọ́n lè máa bá a lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láti ọdún 2004 ni ìlànà ti wà pé kí ìdáhùn àdáṣe máa gbé àmì "Auto-Submitted" sórí, kí ẹ̀rọ tó bá rí àmì náà sì dákẹ́. Àwọn ètò tí iléeṣẹ́ fúnra wọn kọ láti máa fún oníbàárà ní nọ́ńbà ẹ̀sùn tó mú wá ló sábà máa ń gbàgbé rẹ̀. Nọ́ńbà tuntun ni wọ́n ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kejì á sì rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ló dé. Ẹni tó bá ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi òpin sí i pé ìdáhùn kan péré ni àdírẹ́sì kan lè gbà lójúmọ́.

Ẹ̀rọ AI dára fún kíké lẹ́tà gígùn kúrú, ó sì lè kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò fara mọ́ ọn pé kó máa fi í ránṣẹ́. Bí ẹ tilẹ̀ ṣètò "Undo Send" dé ibi tó pọ̀ jù, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni Gmail fún yín láti fa lẹ́tà padà. Lẹ́tà tí ẹ̀rọ bá fi ránṣẹ́ nígbà tí ẹ ń sùn, ta ni yóò fà á padà? Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹni ibi lè fi àwọ̀ funfun kọ̀wé sórí ojú ewé funfun nínú lẹ́tà rẹ̀, pé kí ẹ̀rọ tó bá ń kà á darí àwọn lẹ́tà yín kan sí òun. Ojú yín kò ní rí i, ẹ̀rọ á rí i, ó sì lè gbà pé ẹ̀yin lẹ rán òun. Ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà àjèjì kò gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti fi nǹkan ránṣẹ́ tàbí láti pa nǹkan rẹ́ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i.

Irú iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ yìí ni olè ímeèlì náà ń lò, ó sì ti ń lò ó kí AI tó dé. Bí ẹnì kan bá jí ọ̀rọ̀ aṣínà yín, ó lè ṣe filter kan tí yóò máa darí lẹ́tà tó bá ní "invoice" tàbí "payment" sí àdírẹ́sì tirẹ̀, tí yóò sì máa gbé e kúrò nínú Inbox yín. Bí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, filter náà ò kúrò níbẹ̀, á ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹ wọ "Settings", ẹ mú "See all settings", ẹ yẹ "Filters and Blocked Addresses" wò, kí ẹ tún yẹ "Forwarding and POP/IMAP" wò. Bí ẹ bá rí filter tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó pa á rẹ́, torí inú rẹ̀ ni ẹ ti máa mọ irú lẹ́tà tó ti ń kó lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ẹ sì yọ gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ẹ kò mọ̀ kúrò lórí àkáǹtì náà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan