Ẹ má ṣe pa redo log rẹ́

Sí Olóòtú,

Dátábéèsì àwọn oníṣòwò ni mò ń tọ́jú ní Ìbàdàn níbí. Láìpẹ́ yìí, iná lọ lójijì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Agbeni níbi tí wọ́n ti ń tajà lọ́wọ́. Nígbà tí iná dé, MySQL, ètò dátábéèsì tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà wọn, kò tètè dìde, ọmọkùnrin tí ó ń bójú tó kọ̀ǹpútà sì rò pé àwọn fáìlì ńlá kan tí ó rí nínú fódà ni ó ń dí i lọ́wọ́, ni ó bá pa wọ́n rẹ́. Redo log ni àwọn fáìlì náà.

Bí ọjà kan bá ti wọlé, inú redo log ni dátábéèsì ti kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sórí díìsìkì, kí ó tó wá fara balẹ̀ gbé e lọ sí ojú ìwé tí yóò máa wà nínú fáìlì dátábéèsì gan-an. Nọ́ńbà tí a ń pè ní LSN ni ó fi ń mọ ibi tí ó kọ ọ́ dé. Bí báìtì ṣe ń wọ inú log ni nọ́ńbà náà ń gòkè, kì í sì í padà sẹ́yìn. Checkpoint ni LSN tí ó fi ṣe àmì pé gbogbo àtúnṣe tí ó ṣáájú rẹ̀ ti balẹ̀ sí ojú ìwé wọn. Bí checkpoint bá wà ní 5,000,000, tí log sì ti dé 5,040,000 kí iná tó lọ, báìtì 40,000 péré ni yóò kà nígbà tí ó bá jí. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tún gbé LSN tirẹ̀ lórí, nítorí náà èyí tí ó ti gba àtúnṣe kan kò ní gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọgbọ́n yìí ṣì ń wú mi lórí.

Ìwọ̀nba tí kò tíì dé ojú ìwé yẹn gan-an ni ọmọ náà parẹ́. Odidi ọjọ́ méjì ni a fi jókòó ti rìsíìtì tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù fi wáyà so pọ̀, tí a ń tẹ̀ wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo bẹ gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ní kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n fi èyí kún ẹ̀kọ́ wọn. Kí wọ́n tún sọ fún wọn pé kí innodb_flush_log_at_trx_commit, ìyẹn ibi tí a ti ń sọ fún MySQL ìgbà tí yóò máa tẹ log mọ́ díìsìkì, wà lórí 1 tí ó bá a wá, nítorí àwọn tí ó ń yí i sí 2 kí iṣẹ́ lè yá lè pàdánù nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan bí iná bá lọ, owó ẹlòmíràn sì lè wà nínú rẹ̀. Bí dátábéèsì bá pẹ́ kí ó tó jí, kí wọ́n ṣí error log, fáìlì tí MySQL ń kọ ìròyìn àti àṣìṣe rẹ̀ sí, níbi tí ó ti ń kọ LSN tí ó ti kà dé, kí wọ́n sì dúró dè é.

Èmi ni tiyín,
Olùtọ́jú dátábéèsì kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.