Ẹ Ṣí Ìwé Tí Àwa Sójà Àtijọ́ Ń Kọ Nílé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè kí n bá àwọn tó ń ṣètò ìlera sọ̀rọ̀ lórí àwa sójà tó ti fẹ̀yìn tì, pàápàá àwa tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra.

Mo wà lára àwọn tí ìjọba kó lọ sí Làìbéríà lábẹ́ ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú bárékè, bí ara sójà ò bá yá, wọ́n á ní kó lọ sí MRS, ilé ìtọ́jú tó wà nínú bárékè, kò sì gbọdọ̀ ní òun ò lọ. Ọjọ́ tí a bọ́ aṣọ ni ìyẹn tán. Owó ìfẹ̀yìntì lè wọlé láti Àbújá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń béèrè pé, "Sájẹ́ńtì, ṣé o ti lo oògùn àárọ̀ yìí?"

Bẹ́ẹ̀ àìsàn tí mo ń wí yìí kì í ṣe ibà, tí wọ́n á gún abẹ́rẹ́ fún, tí yóò lọ. Òun àti ẹni tó ń ṣe ni wọ́n jọ máa dàgbà. Dókítà á rí mi fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó tún di oṣù mìíràn. Láàárín méjì, ta ló ń pinnu bí ọkà ṣe máa tó nínú abọ́? Èmi àti ìyàwó mi ni. Ẹ má sì gbàgbé pé Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété la wà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ẹni tó bá ní kí ọmọ Ṣọ̀ún má fẹnu kan láfún mọ́, ó kàn ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ kọ́ wa ní ìwọ̀n tí a lè jẹ, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju òkèlè lọ.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ìwé. Ní gáàdìrúùmù, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ la máa ń kọ sílẹ̀: aago, ìṣẹ̀lẹ̀, orúkọ ẹni tó rí i. Àṣà yẹn ò kúrò lára mi. Mo fa ìlà sí ìwé ọmọ iléèwé kan, mo ń kọ iye ṣúgà kí n tó jẹun, iye ìfúnpá, àti ohun tí mo jẹ. Kí n tó kó wálé láti Òkè Ọya, mo gbé ìwé náà síwájú dókítà kan níbẹ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣúgà tí wọ́n yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà ga, ló bá fi kún glibenclamide mi, oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀. Inú ìwé yẹn gan-an ni iye ṣúgà 58 (mg/dL) wà, ti ìdájí kan tí òógùn bò mí, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n, tí ìyàwó mi ń fi ṣíbí fún mi ní omi ṣúgà. Bí ṣúgà bá ti lọ sílẹ̀ ju 70 lọ, ewu ti dé, oògùn yẹn sì lè fà á, pàápàá lára àgbàlagbà. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ìfúnpá ló ṣí ìwé náà kí n tó jáde, òun ló gbé e padà wọlé. Wọ́n dín oògùn kù. Mi ò bínú sí dókítà. Èrò tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjá kèrémí.

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ja ogun abẹ́lé, ìṣó gún un látẹ́lẹ̀ bàtà ní Tákìé. Ó rìn délé, kò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló rí ẹ̀jẹ̀ lórí simẹ́ǹtì. Ṣúgà ti pa iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ìrora ò sí mọ́. Ní dẹ́pò Zaria, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ sójà tuntun, wọ́n máa ń yẹ ẹsẹ̀ wa wò lẹ́yìn ìrìn ọ̀nà jíjìn. Kí a máa fi dígí wo àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ lálẹ́ ò lè ni wá lára, bí ẹnì kan bá ti sọ fún wa.

Ní Amẹ́ríkà, láti 2003 ni ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó sójà àtijọ́ ti gbé ètò kan kalẹ̀ jákèjádò: ẹ̀rọ wà nílé aláìsàn, iye tó bá gbé jáde á lọ bá nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì á sì pè é bó bá rí i tó ń ṣe ségesège. A ò ní owó Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ wa mọ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò ìwé ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìbàdàn, níbi tí ilé ìwòsàn ológun wà, tó bíi kìlómítà 100 sí wa. Ilé ìwòsàn LAUTECH àti ti Bowen wà nínú ìlú níbí. Kí wọ́n ya nọ́ọ̀sì kan sọ́tọ̀ fún wa, kí ìwé wa sì wọnú fáìlì. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 ní kí gbogbo wa wà nínú ètò náà. Ó dáa. Kí wọ́n má ka sìtíríìpù tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí sí fàájì. Ẹni tí kò rí i rà, bí afọ́jú ló ṣe ń lo oògùn.

Ẹgbẹ́ wa máa ń ṣèpàdé ní ìparí oṣù. Nọ́ọ̀sì tó bá lè fún wa ní wákàtí kan, tábìlì àti ẹ̀rọ ìfúnpá wà nílẹ̀, ìwé wa á sì wà lọ́wọ́ wa.

Èmi ni,
Sájẹ́ńtì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ògbómọ̀ṣọ́.