Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ lórí Ibi tí A Ó Kọ́ Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Ọjà Sí

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, nípasẹ̀ Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè. Ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àwọn wolé-wolé, ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ Ìyálọ́jà.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Àwa ẹgbẹ́ agbẹ́kànga àti bíríkìlà ìlú yìí kí yín. A dúpẹ́ pé owó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníhò mẹ́fà ti jáde, nítorí ó ti pẹ́ tí ojú ti ń ti àwọn ìyá ọjà. Ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí nìkan ni ẹ̀bẹ̀ wa dá lé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá sí àkùrọ̀ ẹ̀yìn ọjà. Ilẹ̀ pupa ẹ̀gbẹ́ gáréèjì ni ká kọ́ ọ sí.

A mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ fi fara mọ́ ẹ̀yìn ọjà. Kò sí ilé ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sí ẹbí tó máa bínú, àlejò ò sì ní rí i láti títì. Ṣùgbọ́n ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni àwọn tó wá yẹ ilẹ̀ náà wò dé. Nínú oṣù Kejì, èèyàn lè gbẹ́lẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 12 níbẹ̀ kó tó kan omi. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án, omi yẹn á ti gòkè dé ẹsẹ̀ bàtà 4. Ṣáláńgá ẹsẹ̀ bàtà 10 tí wọ́n yà sínú ìwé iṣẹ́ yóò wá ní ẹsẹ̀ bàtà 6 nínú omi ní gbogbo àkókò òjò.

Ohun tó ń ba ni lẹ́rù nìyí. Bí ilẹ̀ abẹ́ ṣáláńgá bá gbẹ, díẹ̀díẹ̀ ni omi ìdọ̀tí ń jò gba inú iyẹ̀pẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ á sì sẹ́ kòkòrò àrùn mọ́ra. Bí ilẹ̀ bá ti mumi yó, kò lè sẹ́ nǹkan kan mọ́. Omi tó ń sàn lábẹ́lẹ̀ á gbé kòkòrò àrùn lọ síbi tó bá dà kọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ẹsẹ̀ bàtà 100 sí àárín ṣáláńgá àti kànga, tí a sì ń rí i pé ìdí ihò ga ju ibi tí omi máa ń dé nígbà òjò lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó kéré tán. Kànga káńsù tí àwọn olóńjẹ ọjà ń pọn kò ju ẹsẹ̀ bàtà 70 lọ sí ibi tí wọ́n kan èèkàn mọ́ lẹ́yìn ọjà. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni kànga náà sì wà. Onígbáméjì kan ṣoṣo tó bá ya ìgbẹ́ sínú ihò yẹn lásìkò òjò ti tó láti kó ọjà sí wàhálà, ká má tíì sọ ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun.

Àwọn kan ní ká fi kọnkéré dí gbogbo inú ihò pa. Ìmọ̀ràn yẹn kò burú lójú, ṣùgbọ́n níbo ni omi inú rẹ̀ yóò gbà jáde? Ihò tí kò jò yóò kún kíákíá, pàápàá lọ́jọ́ ọjà. Bí wọ́n bá sì gbọ́n ọn gbẹ lásìkò òjò, omi abẹ́lẹ̀ lè ti táńkì òfìfo sókè, kí ó sán, kí páìpù rẹ̀ já.

Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé tí àwọn mìíràn dárúkọ náà kò dára. Àpáta ló wà níbẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà 5. Àpáta tó sán máa ń darí omi ìdọ̀tí lọ jìnnà láìsẹ́ ẹ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ inú kànga tí yóò já sí.

Ní ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, omi kànga kì í gòkè ju ẹsẹ̀ bàtà 27 lọ nígbà òjò. Bí a bá gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bàtà 10, ẹsẹ̀ bàtà 17 ló kù lábẹ́ rẹ̀. Kànga tó sún mọ́ ọn jù jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 140, òkè ló sì wà. Ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí lè dé ibẹ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn. Kò lè wọ ẹ̀yìn ọjà láìrì. Ìrìn láti ìsọ̀ àwọn aláta dé ibẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Síbẹ̀, a ò fẹ́ kí ẹ gba ọ̀rọ̀ wa lásán. Ẹ jẹ́ kí wolé-wolé dán ilẹ̀ náà wò: kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ dé ibi tí ìdí ihò máa wà, kí wọ́n gbẹ́ kòtò kékeré ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóòró síbẹ̀, kí wọ́n pọnmi kún un di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tún bu omi ínǹṣì 6 sí i, kí wọ́n wá máa wo aago. Bí ínǹṣì kan bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ kó tó fà, ilẹ̀ náà kò dára fún ṣáláńgá, àwa náà yóò sì gbà.

Ọ̀rọ̀ òórùn ni ẹbí tó múlé ti gáréèjì ń sọ, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́. Ṣáláńgá tó ń rùn wọlé aládùúgbò, ìkọ́lé rẹ̀ ni kò dáa. Ihò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní páìpù ínǹṣì 6 tó yọ sókè ju páànù lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, kí wọ́n kùn ún ní dúdú, kí ó wà níbi tí oòrùn ti ń pa á. Oòrùn á mú un gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa gòkè, yóò sì máa fa òórùn ihò lọ sókè. Kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí kì í dípẹtà bo orí rẹ̀. Oòrùn máa ń jẹ nẹ́ẹ̀tì oníke. Inú ilé gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, kí eṣinṣin lè máa tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ orí páìpù, kí ó sì há síbẹ̀. Apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ni kí wọ́n dá ihò afẹ́fẹ́ sí. Bí wọ́n bá tún dá òmíràn sí òdìkejì, atẹ́gùn á gba inú yàrá kọjá láìwọ ihò. Kí wọ́n má sì fi ọmọrí dé ihò ìjókòó, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ohun tí wọ́n máa ń fò nínú iṣẹ́ kọngílá nìyí, tí òórùn fi ń lé èèyàn padà sínú igbó.

Kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ inú ihò: ẹsẹ̀ bàtà 3 òkè, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí i pa, ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàárín búlọ́ọ̀kù kí omi lè jò. Síláàbù orí rẹ̀, ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan sí iyanrìn méjì sí òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin, pẹ̀lú irin tó dábùú ara wọn ní ínǹṣì 6 síra. Ọjọ́ 7 ni kí wọ́n fi máa bu omi sí i kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Kí ó ga ju ilẹ̀ lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí àgbàrá má wọlé.

Ihò méjì-méjì ni kí wọ́n gbẹ́ fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Tí àkọ́kọ́ bá kún, wọ́n á dí i fún ọdún méjì, wọ́n á máa lo èkejì. Ìgbà náà ni ẹyin àràn inú rẹ̀ ti kú, tí kíkó rẹ̀ kò fi ní léwu bíi ti tútù. Ṣúkù àgbàdo, àkísà àti ọ̀rá ló ń tètè mú ihò kún, tó sì ń dí ẹnu páìpù ọkọ̀ ìdọ̀tí, nítorí náà kí garawa ìdọ̀tí wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Nínú yàrá mẹ́fà náà, kí mẹ́rin jẹ́ ti obìnrin, nítorí àwọn ló pọ̀ jù lọ́jà. Kí táńkì omi lítà 1,000 àti ọṣẹ sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin àgbà, Àfikún Kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ dá iṣẹ́ ẹ̀yìn ọjà dúró, ẹ rán wolé-wolé wá dán ilẹ̀ gáréèjì wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì pe ẹbí tó múlé tì í, Ìyálọ́jà àti alága àwọn onímọ́tò jókòó ká tó gbẹ́lẹ̀. Kí wọ́n fẹnu kò níbẹ̀ lórí ẹni tí yóò máa gbá a, iye tí oníṣòwò yóò máa san àti ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà. Ẹgbẹ́ wa yóò gbẹ́ kòtò ìdánwò náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò,
lórúkọ ẹgbẹ́ agbẹ́kànga àti bíríkìlà ìlú