Ṣé àjogúnbá ló ń dáná sun táyà ni?

Olóòtú,

Ẹ gbà mí láàyè, inú ń bí mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, wọ́n pè mí láti ilé ìwé ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, lápá Láfẹ́nwá níbí, pé kí n wá gbé e. Orí bẹ́ǹṣì ni mo bá a, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àyà rẹ̀ ń súfèé: ikọ́ fée (asthma) rẹ̀ ti dé. Inhaler rẹ̀, oògùn tó máa ń fà sẹ́nu, wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa, olùkọ́ tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sí Kútọ̀. Ọ̀gá wọn ní, "Mọ́mì, ẹ ní sùúrù, àjogúnbá ni." Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ògiri wọn, wọ́n ń dáná sun pàǹtírí àti táyà, èéfín ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Mi ò jiyàn. Ìyá mi ní ikọ́ fée, èmi náà ní in. Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá ní in, ó ṣeé ṣe kó ní in ju ọmọ ẹlòmíì lọ. Láti ọdún 2007 làwọn onímọ̀ ti rí ibì kan lórí kúrómósóòmù 17, ọ̀kan lára àwọn okùn tín-ín-tín inú ara tó gbé ohun tí a jogún, tó jẹ mọ́ ikọ́ fée ọmọdé, wọ́n sì ti rí ọ̀pọ̀ ibòmíì lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi kan náà yẹn, ewu rẹ̀ tún ń ga sí i lára ọmọ tó bá ń fa èéfín sìgá àwọn ará ilé láti kékeré. Ìbejì tó jọra wọn délẹ̀ ńkọ́? Ohun kan náà ni wọ́n jogún, síbẹ̀ Táíwò lè ní ikọ́ fée kí Kẹ́hìndé má ní in. Ẹ̀jẹ̀ mi kọ́ ló ṣáná sí táyà!

Àwọn tó ń gbowó oṣù nítorí ìdọ̀tí ìlú, "ẹ padà wá lọ́la" ni tiwọn. Kí wọ́n ṣáà kó pàǹtírí yẹn kúrò.

Èyí tí kò náni lówó ni mo ń tọrọ. Ọmọdé kì í sábà lè tẹ inhaler kó sì fà á lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀fun ni oògùn ń lẹ̀ mọ́. Ẹ fọ ìgò ike omi 500ml, ẹ lu ìdí rẹ̀ kó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ẹnu inhaler, ẹ lẹ̀ ẹ́ yí ká kí atẹ́gùn má jò. Ọmọ á fẹnu mọ́ ẹnu ìgò, ẹ tẹ inhaler lẹ́ẹ̀kan, kó mí wọlé mí jáde bí ìgbà márùn-ún kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn dókítà Cape Town dán an wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1999: ìgò tí wọ́n lẹ̀ dáadáa ṣiṣẹ́ bíi spacer, ìyẹn ike tí wọ́n ń tà láti fi sáàárín inhaler àti ẹnu. Wáyà ni mo tẹ̀ bí ẹnu inhaler, mo fi í síná, mo fi lu ìdí ìgò. Èyí àkọ́kọ́ bàjẹ́, ìkejì wọ̀ ọ́ pẹ́kẹ́. Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan, lórí tábìlì, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo gbé méjì lọ fún wọn lọ́jọ́rú. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ gbàwé àṣẹ wá.

Èmi ni,
Ìyá ọmọ kan,
Abẹ́òkúta.