Ẹ má da àwo tánganran àtijọ́ nù

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àwọn ará Ifẹ̀ lórí àwo tánganran tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn ìyá wa, torí tí wọ́n bá ti ń tún ilé kùn báyìí, orí ààtàn ni wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀ lọ, ó sì ń dùn mí wọra.

Èmi máa ń kó wọn jọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Jámánì, ti nǹkan bí ọdún 1930, tí wọ́n máa ń gbé àwòṣe tí wọ́n ti gé ihò àwòrán sí lé ara abọ́ tàbí ìkòkò ṣúgà, wọ́n á wá fín àwọ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, etí kan máa ń mú bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ gé e, àwọ̀ yẹn á wá máa ṣá lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí ò ní sí mọ́. Ó mà rẹwà o! Ní England náà láyé ìgbà yẹn, obìnrin kan tó ń ya àwòrán sára àwo, Clarice Cliff, ń kun tiẹ̀ láwọ̀ ọsàn àti yẹ́lò tó ń tàn yòò.

Ẹ yí ìdí àwo yín wò, ẹ wo àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é kẹ́ ẹ tó jù ú nù. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí tó ti sán jẹun o, òjé tó léwu fún ara lè wà lára ẹ̀.

Ní Ìta Yemòó níbí, àfọ́kù ìkòkò làwọn baba wa tò sílẹ̀ bí ẹní, a ṣì ń lọ wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ò bá fẹ́ tiẹ̀ mọ́, kó kọ́kọ́ bi mùsíọ́ọ̀mù bóyá wọ́n á gbà á.

Olùkó-àwo-jọ kan, Lágere, Ilé-Ifẹ̀