Kí ẹ tó kọ ọ́ pé olóṣèlú ti fò lọ

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ìlú. Iṣẹ́ yíyẹ ìròyìn wò là ń ṣe ní Yábàá níbí, ìwé ìròyìn yín sì wà lára ohun tí à ń kà láràárọ̀. Irú ìròyìn kan wà tí kì í tán nílẹ̀ lásìkò òṣèlú: "A gbọ́ pé lágbájá ti fò lọ sí London lóru, àìsàn ló ń ṣe é." Gbólóhùn kan ni lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló dì sínú: pé ó kúrò nílé, pé London ló lọ, pé òru ni, pé àìsàn ló gbé e lọ. Akọ̀ròyìn á rí ẹ̀rí ẹyọ kan, á fi gbe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó rí bàálù, ó kọ àìsàn.

Bàálù yìí ló ń tan àwọn ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn jù. Ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè ṣí Flightradar24, ojúewé tó ń fi ìrìn bàálù hàn, kó máa wo ohun tó ń gbéra ní Ìkẹjà. Nọ́ńbà bàálù Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. 5N-FGT ni Boeing 737 tí àwọn ààrẹ wa fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ̀. Nọ́ńbà dára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ló ń sọ, kò sọ èrò inú ọkọ̀. Bàálù ààrẹ lè lọ fún àtúnṣe lókè òkun láìsí ààrẹ nínú rẹ̀. Olóṣèlú mìíràn sì ń wọ bàálù àyálò tí nọ́ńbà rẹ̀ kì í ṣe ti Nàìjíríà rárá. Ẹni tó ni bàálù lè ní kí Flightradar24 má fi tòun hàn. ADS-B Exchange, ojúewé mìíràn bẹ́ẹ̀, kì í gba irú ẹ̀bẹ̀ yẹn, nítorí náà ẹ wo méjèèjì. Tí ẹ bá rí i tí ìlà bàálù dédé já lókè aṣálẹ̀ Sàhárà, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ilẹ̀ tó ń gba àmì bàálù ni ò pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe pé bàálù já.

Aago tún ń dá ìjà sílẹ̀. UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, ni irú àwọn ojúewé báyìí sábà máa ń lò, Èkó sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Bàálù tó gbéra ní Ìkẹjà ní aago méjìlá ààbọ̀ òru mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò jáde níbẹ̀ bíi 23:30 ọjọ́ Ajé. Agbẹnusọ á ní ilé ni ọ̀gá òun wà títí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi ṣú, akọ̀ròyìn á ní irọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò purọ́ nínú wọn. London ní tirẹ̀ ń yí aago padà: láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta sí èyí tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, aago wa bá tiwọn dọ́gba, nínú àwọn oṣù yòókù, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Jeddah ló fi wákàtí méjì ṣáájú wa nígbà gbogbo.

Pé kò sẹ́ni tó rí i ní pápákọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed náà kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn tó ń wọ bàálù aládàáni ní ẹnu ọ̀nà tiwọn, wọn kì í bá wa tò.

Ó ku fọ́tò. Ẹ má fi ojú olóṣèlú náà wá a lórí Google Lens, ẹ̀rọ tó ń fi fọ́tò wá ibi tí fọ́tò ti jáde rí, gbogbo fọ́tò rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń dupò ló máa tú jáde. Ẹ gé ojú rẹ̀ kúrò, ẹ fi ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wá a: kọ́tìnnì, àga, pátákó, ọkọ̀. Tó bá jẹ́ fídíò, ẹ dá a dúró níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ ya ojú fóònù, kí ẹ wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí Google ò bá rí nǹkan, TinEye àti Yandex wà fún iṣẹ́ kan náà. Ẹ tún yí fọ́tò náà padà bíi ti inú dígí kí ẹ tún un wá, torí àwọn tó ń ṣe é máa ń sọ òsì di ọ̀tún kí ẹ̀rọ má bàa dá a mọ̀. Fìlà ló máa ń tú wọn fó: ẹni tí fìlà rẹ̀ ń fì sápá òsì lójoojúmọ́ ayé kì í ṣàdédé fì í sápá ọ̀tún.

Tí wọ́n bá ní London ni, ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ tó bá wà níbẹ̀. Funfun ni ti iwájú, yẹ́lò ni ti ẹ̀yìn. Dígíìtì méjì tó tẹ̀lé lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀: 24 jẹ́ oṣù Kẹta sí oṣù Kẹjọ ọdún 2024, 74 jẹ́ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 sí oṣù Kejì ọdún 2025. Ọkọ̀ onínọ́ńbà 74 kò lè wà nínú fọ́tò ọdún 2023. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àtijọ́ ò sọ pé fọ́tò ti pẹ́, ọkọ̀ àtijọ́ ṣì ń rìn.

WhatsApp máa ń bọ́ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò kúrò lára rẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó yà á fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, ìyẹn kì í bọ́ ọ. Bí ohun tó fi ránṣẹ́ bá wá ní àmì ọfà méjì lórí, ẹ má gbà pé òun ló yà á. Ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Ohùn ènìyàn pàápàá ò tó ẹ̀rí mọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2010, ohùn Yar'Adua, ààrẹ wa nígbà náà, lórí BBC Hausa ni wọ́n fi sọ fún wa pé ó wà láàyè ní Saudi Arabia. Lónìí, ọmọ kékeré pẹ̀lú fóònù lè fi ẹ̀rọ ṣe ohùn ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rí tí a fẹ́ràn jù kò ní àwòrán. Abala 145 ìwé òfin ọdún 1999 wà fún ààrẹ, abala 190 wà fún gómìnà. Ẹni tó bá ń lọ fún ìsinmi, tàbí tí kò ní lè ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé: ààrẹ sí olórí ilé aṣòfin méjèèjì l'Ábújá, gómìnà sí olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ti Èkó, Alausa ló ń lọ. Igbákejì di adelé nìyẹn, títí ọ̀gá yóò fi kọ òmíràn pé òun ti dé. Yar'Adua ò kọ irú lẹ́tà yìí nígbà tó lọ ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2009. Ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2010 ni ilé ìgbìmọ̀ tó sọ Jonathan, igbákejì rẹ̀, di adelé. Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe ọdún 2010 fi ní bí ọjọ́ 21 bá kọjá láìsí lẹ́tà, ilé lè dìbò sọ igbákejì di adelé. Buhari kọ tirẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2017, ó tún kọ òmíràn láti fi kún ọjọ́ ìsinmi, síbẹ̀ àhesọ pé ó ti kú gba ìlú kan títí ó fi dé ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà, lẹ́tà wà nílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pe akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ kí ẹ tó pe agbẹnusọ: ta ni adelé lónìí? Wọ́n máa ń ka lẹ́tà náà níjòókòó, ó sì wà nínú àkọsílẹ̀ ìjókòó. Ìrìn àjò iṣẹ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ lè má ní lẹ́tà o, nítorí náà àìsí lẹ́tà ò sọ pé ilé ló wà. Bí wọ́n bá fi yín ṣeré, òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti ọdún 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 kún un. Òfin yìí kan náà dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí ènìyàn, kò lè gba fáìlì ilé ìwòsàn fún yín. Ìdí tó fi lọ ni ẹ ò ní rí, ẹ má sì fi àbá dí i.

"Irọ́ ni" tí agbẹnusọ sọ kò ju gbólóhùn rẹ̀ lọ. Ẹ bi í pé ìlú wo ni ọ̀gá rẹ̀ wà lónìí, kí ẹ tẹ ohun tó bá sọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkọlé. Àwọn tó ń dúró ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ níwájú tábìlì oníwèé ìròyìn ní Ojúẹlẹ́gbá àti Ìyànà-Ìpájà, ojú ewé kìíní ni wọ́n ń rí. Àmì ìbéèrè tí ẹ fi sí ìdí "Gómìnà dákú sí London?" ò dé etí wọn, dídákú ni wọ́n máa gbé wọnú dáńfó. Àtúnṣe tí ẹ wá fi sí ojú ewé 11 ò ní bá wọn láé. Ojú ewé tí àṣìṣe wà ni kí àtúnṣe wà, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó ti tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá máa tẹ fọ́tò èké náà láti fi ṣàlàyé, ẹ fa ìlà pupa kọjá lójú ẹni tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá fi "irọ́" sí igun rẹ̀ lásán, wọ́n á gé igun yẹn kúrò, wọ́n á tún máa gbé e kiri.

Àwa òǹkàwé yín,
Yábàá, Èkó.