Kí Grammy tó mọ Bobby Rush ni àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ojú ewé orin. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń yọ̀ mọ́ àwo orin Rawer Than Raw tí Bobby Rush, àgbà olórin soul àti blues, orin àwọn aláwọ̀ dúdú nílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde, inú mi sì dùn pé ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un. Àmọ́, bí ìròyìn náà ṣe lọ, ẹni tí kò mọ ìtàn bàbá yìí lè rò pé Grammy, àmì-ẹ̀yẹ ńlá tí wọ́n ń fún àwọn olórin nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé ń fẹ́ gbọ́. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1933 ni wọ́n bí i nítòsí ìlú Homer ní ìpínlẹ̀ Louisiana, Emmett Ellis tó jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì sọ òun náà. Oníwàásù ni bàbá yẹn. Nígbà tí ọmọ yan orin ayé láàyò, kò fẹ́ gbé orúkọ oníwàásù wọ ilé ọtí, ló bá mú orúkọ mìíràn jẹ́. Àwa tí a mọ bí orúkọ ilé ẹni ṣe wúwo tó yóò bọ̀wọ̀ fún un nítorí èyí. Ní àwọn ọdún 1950, ó ti wà ní Chicago, ìlú tí Muddy Waters àti Howlin' Wolf ti jẹ́ ọ̀gá nídìí blues, ó sì mọ àwọn méjèèjì lójúkojú. Ọdún 1971 ni orin rẹ̀ “Chicken Heads” tà wàràwàrà títí ó fi wọ àtẹ orin tó ń tà jù tí ìwé ìròyìn Billboard ń gbé jáde. Lẹ́yìn èyí, ó kó lọ sí Jackson ní Mississippi, ó sì ń gbé ọkọ̀ káàkiri apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn onílù àti oníjó rẹ̀, láti ilé ijó aláwọ̀ dúdú kan sí òmíràn. Ọdún 2017 ni Grammy àkọ́kọ́ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, nítorí àwo Porcupine Meat tó gbà sílẹ̀ ní New Orleans, ẹni ọdún 83 sì ni nígbà náà. Ní gbogbo ọdún 46 tó wà láàárín “Chicken Heads” àti ọjọ́ yẹn, àwọn tó ń san owó ìwọlé ní àwọn ìlú kéékèèké apá gúúsù wọ̀nyẹn ni wọ́n ń bọ́ ọ, tí wọ́n sì ń ra àwo rẹ̀ láìdúró de ìdájọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti àwo tí ẹ kọ̀wé lé lórí, oṣù kẹjọ ọdún 2020 ló jáde, nígbà tí àrùn kòrónà ti lé gbogbo olórin kúrò lórí ìtàgé. Ó ti ṣe Raw ní ọdún 2007, tó jẹ́ àwo tó mú ohun èlò díẹ̀ dání, ṣùgbọ́n nínú èyí, ó dín in kù débi pé ohùn rẹ̀, gìtá, hamóníkà àti ẹsẹ̀ tó fi ń lu ilẹ̀ nìkan ló kù. Ẹni tó bá mọ eré rẹ̀ lórí ìtàgé, pẹ̀lú ijó àti aṣọ tó ń dán, yóò mọ ohun tí ó gbà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó jókòó ti gìtá kan ṣoṣo. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò lé orin, hamóníkà rẹ̀ ni yóò gbè é, tí yóò sì tún dákẹ́ díẹ̀ kí ẹsẹ̀ nìkan máa sọ̀rọ̀. Ó fa orin àwọn àgbà blues Mississippi yọ, àwọn bíi Skip James, Robert Johnson àti Sonny Boy Williamson, kò sì kọ wọ́n bí ẹni ń ka ìwé ìtàn, nítorí ó mọ irú oko àti irú ìṣẹ́ tí orin náà ti jáde wá. Ọmọdé lè ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Lójú tèmi, àkísà yẹn gan-an ni àwọn olùgbọ́ ń yọ̀ mọ́, òun náà ló sì mú kí àwo yìí gba Grammy ní oṣù kẹta ọdún 2021.

Grammy mìíràn tún dé ní ọdún 2024 lórí àwo All My Love for You, nígbà tó ti pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn olùgbọ́ Mississippi, Louisiana àti Arkansas tó ti ń jó sí orin rẹ̀ láti ìgbà èwe wọn, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yín pé kí wọ́n gbọ́ “Chicken Heads” kí wọ́n tó gbọ́ Rawer Than Raw.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn